Oríkèé tuntun ti jókòó, iṣan ìdí ló ṣì ń sùn

Ìbéèrè: "Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìránṣọ ni mí ní Kétu, ọmọ ọdún 43. Ẹ̀jẹ̀ SC ni mo ní. Orí egungun itan mi ọ̀tún bàjẹ́, wọ́n sì pààrọ̀ oríkèé ìdí náà fún mi ní Kútọnu, ó ti pé oṣù mẹ́rin báyìí. Ìrora tó ń jẹ mí tẹ́lẹ̀ ti lọ, àmọ́ mo ṣì ń tiro. Ó tún ń ṣe mí bí ẹni pé ẹsẹ̀ ọ̀tún gùn ju tòsì lọ. Mo fẹ́ kí àwọn tó ń ṣe bàtà bá mi gbé bàtà òsì ga. Mo ti ju ọ̀pá sílẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ kẹfà nítorí ojú ń tì mí lọ́jà. Bó bá rẹ̀ mí ni mo ń mú un, ọwọ́ ọ̀tún ni mo sì fi ń mú un. Ìyá ọkọ mi ní iṣẹ́ abẹ náà ò jẹ́, ó ti rí bàbá kan tó fẹ́ bá mi fa ẹsẹ̀ náà. Gbogbo ènìyàn ń sọ pé kí n ṣe sùúrù. Sùúrù mélòó ló kù?"

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ewu. Ẹni tó gbé irú ìrora bẹ́ẹ̀ kiri, tó sì tún lọ dùbúlẹ̀ kí wọ́n là á, ó yẹ ká kí i dáadáa. Ẹ pè mí ní dókítà. Mo gbà á, ṣùgbọ́n kiné ni mí níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ẹni tó ń fi eré ìdárayá tún iṣan àti oríkèé ṣe, n kì í ṣe oníṣẹ́ abẹ. Àwọn tó la ìdí yín ti parí iṣẹ́ tiwọn lọ́jọ́ tí wọ́n rán an pa dé. Èyí tó kù, irú àwa ló yẹ kí wọ́n fi í lé lọ́wọ́, ó sì jọ pé ẹnikẹ́ni ò fi yín lé wa lọ́wọ́. Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mejì, n kò rí ibi tí wọ́n ti kọ́ yín ní eré ìdárayá kan ṣoṣo.

Látinú ohun tí ẹ kọ, n kò rò pé iṣẹ́ abẹ náà bàjẹ́. Ìrora àtijọ́ ti lọ, nítorí ìyẹn gan-an ni wọ́n sì ṣe pààrọ̀ oríkèé. Títiro tó kù kò sí lára irin tí wọ́n fi sí yín nínú. Ara iṣan tó yí irin náà ká ló wà. (Èdè wa ń pe ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà ní iṣan, ó tún ń pe ẹran tó ń fa egungun ní iṣan. Ti ẹran ni mò ń sọ.) Irin ò ní iṣẹ́ kankan láti kọ́. Iṣan ní tirẹ̀ gbàgbé iṣẹ́, ó sì ní láti tún un kọ́.

Sùúrù tí wọ́n ń pa láṣẹ fún yín, ti ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ lẹ́bàá títì ni. Kò ní ṣe nǹkan kan, bó bá yá ọkọ̀ á dé. Iṣan ìdí kì í dé bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíì dúró dè é fún ọdún méjì, ó ṣì ń tiro. Èyí tí mo fẹ́ fún yín, ẹ ti ní in tẹ́lẹ̀, òun lẹ fi ń kọ́ ọmọ iṣẹ́. Ọmọ tó wọlé lónìí, ẹ kì í gbé aṣọ ìyàwó lé e lọ́wọ́. Orí bébà lẹ ti máa ń ní kó rán ìlà gbọọrọ, ìlà á sì máa wọ́, ẹ ò ní lé e lọ sílé, ẹ ò sì ní dákẹ́ wò ó.

Ẹ dìde dúró, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ ìdí ọ̀tún, níbi tí àpò ṣòkòtò ọkùnrin máa ń wà. Egungun kan ta síta níbẹ̀. Ẹran tó wà lókè egungun yẹn, tó gòkè lọ so mọ́ etí ìbàdí, òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa dá lé. Bí ènìyàn bá ń rìn, ẹsẹ̀ kan ló ń gbé e ní ọ̀pọ̀ jù nínú ìrìn náà. Bí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ òsì, ara á fẹ́ já sí òsì bí òrùlé tí wọ́n yọ òpó kan lábẹ́ rẹ̀. Ẹran ẹ̀gbẹ́ ìdí ọ̀tún ni yóò di ìbàdí mú kó má tẹ̀. Ibi tó ti ń fa kò jìnnà sí oríkèé, ìyẹn ló fi ní láti fi gbogbo agbára fà. Nínú ìrìn lásán, ẹrù tó ń bọ́ sórí oríkèé ìdí máa ń tó ìlọ́po 2.5 sí 3 ìwúwo ara. Ẹni tó wọn kílò 70 ń gbé nǹkan bíi kílò 200 sórí ìdí kan ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí iṣan ò bá lè dúró fún ìyẹn, ohun méjì ló kù fún ara láti ṣe: kó jẹ́ kí ìbàdí òsì wọlẹ̀, tàbí kí gbogbo àyà fì sí ọ̀tún kí ẹrù lè fúyẹ́. Èkejì lẹ ń ṣe, mo lè fi iṣẹ́ mi búra. Ọgbọ́n tí ara dá nígbà ìṣòro ni, ó kàn jẹ́ pé ìṣòro ti lọ, ọgbọ́n náà ò lọ.

Iṣan yìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ. Nínú ẹ̀jẹ̀ SC, bíi ti SS, àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa máa ń tẹ̀ bíi dòjé, wọn a sì dí àwọn ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín. Orí egungun itan kò ní ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ púpọ̀. Bí èyí tó ní bá dí, egungun ibẹ̀ á kú, á sì máa wó díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyí tí ọmọ ọdún 25 àti ọmọ ọdún 40 fi ń wá bá mi, nígbà tó jẹ́ pé arúgbó ló pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n ń pààrọ̀ oríkèé ìdí fún ní Yúróòpù. Ní gbogbo àkókò tí egungun yín fi ń wó, ìrora ń sọ fún ọpọlọ pé kó má rán iṣan yẹn níṣẹ́ mọ́. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Iṣan gbẹ, ara wá ọ̀nà míì rìn, ọ̀nà náà sì di bárakú. Ẹ ò kọ iye ọdún tí ẹ fi tiro kí wọ́n tó là yín, ṣùgbọ́n n kò rò pé oṣù mẹ́rin ni.

Lẹ́yìn gbogbo èyí ni ọ̀bẹ wá dé. Ọ̀nà tí ọ̀bẹ gbà ṣe pàtàkì. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n gbà wọlé, wọ́n ní láti ká apá kan kúrò lára iṣan tí mò ń sọ yìí gan-an kí wọ́n tó rí oríkèé, kí wọ́n sì rán an padà. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn, wọ́n á ya ẹran ńlá ìdí, wọ́n á sì gé àwọn iṣan kéékèèké tó ń yí itan síta. Bó bá jẹ́ iwájú, àárín iṣan ni wọ́n sábà ń gbà kọjá. Ẹ padà lọ béèrè ìwé tí wọ́n kọ iṣẹ́ abẹ náà sí. Ẹ bi wọ́n pẹ̀lú ohun tí wọ́n kà léèwọ̀ fún yín àti ìgbà tí èèwọ̀ náà máa tán, nítorí ẹni tí wọ́n gba ẹ̀yìn là ní láti ṣọ́ra fún títẹ ìdí kọjá igun 90, fún gbígbé ẹsẹ̀ kan kọjá lórí èkejì, àti fún yíyí àtẹ́lẹsẹ̀ sínú. Láìsí ìwé yẹn, afọ́jú ni kiné tó bá fọwọ́ kàn yín.

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ ọ̀pá, torí ibẹ̀ ni mo ti rí àṣìṣe. Ìránṣọ ni yín: bí ojú rírán ò bá tíì gbà, ṣé ẹ máa ń fà á? Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ẹran tí wọ́n rán ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ra, iṣan ò tíì jí, ẹ sì ju ohun tó ń ràn án lọ́wọ́ sílẹ̀. Kí ló lè ṣe ju kó padà sí títiro tó mọ̀? Ẹ mú ọ̀pá náà padà. Ọwọ́ òsì ni kí ẹ fi mú un. Mo mọ̀ pé ó dà bí òdìkejì ohun tó yẹ, gbogbo ènìyàn ló ń fi ọwọ́ ìhà tó ń dùn wọ́n mú ọ̀pá, wọ́n tún máa ń ṣe é bẹ́ẹ̀ nínú fíìmù. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ òsì tí ara fẹ́ já sí òsì, ọ̀pá tó wà lọ́wọ́ òsì ni yóò gbé e dúró, ẹ̀gbẹ́ ìdí ọ̀tún á sì rí ìrànlọ́wọ́. Ọ̀pá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ni kó jọ máa lọ síwájú. Kí orí ọ̀pá ga dé ọrùn ọwọ́ nígbà tí apá bá rọ̀ sílẹ̀. Ẹrù ní tirẹ̀ yí padà: àpò ọjà, ọwọ́ ọ̀tún ni kí ẹ fi gbé e, torí èyí tó bá wà lọ́wọ́ òsì ń fa ìbàdí òsì wálẹ̀. Ẹ má tíì ru nǹkan sórí. Ní ti ojú tó ń tì yín lọ́jà, ẹni tó ń wo ọ̀pá lónìí ti wo títiro yín fún ọdún mélòó kan, kò sì sọ nǹkan kan.

Ẹsẹ̀ tó gùn wá ńkọ́? Ẹ má tíì lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣe bàtà. Ẹ̀yin tí ẹ ń wọn ènìyàn ni mo fẹ́ bi: bí oníbàárà bá dúró wọ́, ṣé ẹ̀gbẹ́ ṣòkòtò méjèèjì máa ń dọ́gba lórí tépù? Ìbàdí yín ló wọ́. Iṣan tó ti súnkì ní ọ̀tún ń fa ìbàdí náà wálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹsẹ̀ sì dà bí èyí tó gùn. Nínú ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó ń lọ láàárín oṣù mélòó kan bí iṣan ṣe ń rọ̀. Bí ẹ bá gbé bàtà ga báyìí, ẹ óò kọ́ ìbàdí náà pé kó wà ní wíwọ́ títí. Ẹ jẹ́ kó pé oṣù mẹ́fà ó kéré tán, kí wọ́n wá fi fọ́tò egungun wọ̀n ọ́n. Bí egungun bá gùn lóòótọ́, a ó sọ ti bàtà nígbà náà.

Eré ìdárayá wá kàn. Bí oníṣẹ́ abẹ yín ò bá ka èyíkéyìí nínú wọn léèwọ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ òní. Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹ má wá agbára, ẹ kàn wá iṣan náà rí. Ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ibùsùn, ẹ fi ìka kan ìdí ọ̀tún, ẹ fún ìdí pọ̀ bí ẹni tó ń dá ìgbẹ́ dúró (ẹ má bínú, n kò mọ ọ̀rọ̀ míì tó tètè yé ènìyàn), ẹ ka 5, ẹ tú u sílẹ̀. Ẹ ṣe é nígbà 10. Bí òsì bá le tí ọ̀tún rọ̀ bí ẹ̀kọ, ẹ má jáyà. Ẹ kàn máa fi ìka pè é. Lẹ́yìn náà, ẹ ká orúnkún méjèèjì sókè, kí ẹ gbé ìdí kúrò lórí ibùsùn, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́.

Dígí gígùn tí àwọn oníbàárà fi ń wo ara wọn ní ṣọ́ọ̀bù, òun gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ lò jù. Bí àwọn ọmọ iṣẹ́ bá ti lọ, ẹ so tépù mọ́ ìbàdí, kó gba orí egungun méjèèjì kọjá. Ẹ dúró níwájú dígí, kí ẹ fi ìka ọwọ́ méjèèjì kan tábìlì tí ẹ fi ń gé aṣọ. Ẹ gbé ara lọ sórí ẹsẹ̀ ọ̀tún, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ òsì kúrò nílẹ̀ díẹ̀ báyìí. Kí ni tépù ṣe? Bó bá dagun, tàbí tí àyà yín fì sí ọ̀tún, iṣan ti jọ̀wọ́. Ẹ sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, ẹ kọ iye ìṣẹ́jú-àáyá tó fi dúró. Ó lè jẹ́ 3, ẹ kọ 3. Ẹ̀yin ará Kétu, ẹ ti rí ẹni tó gbé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ rí: irin ọrùn ẹsẹ̀ ń dún, ẹsẹ̀ ń lu ilẹ̀ bí ìlù ṣe ń pè é, igi tó gbé sórí ò sì yẹ̀. Ìbàdí tó dúró ló ń ṣe é. Tépù yẹn ni igi tiyín.

Bí ìyẹn bá ti ń dúró dé ìṣẹ́jú-àáyá 10, ẹ di tábìlì mú, kí ẹ máa gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún síta lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ìka ẹsẹ̀ kọjú síwájú. Gíga rẹ̀ ò ṣe nǹkan. Kí àyà má yẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé tòsì. Ó máa yà yín lẹ́nu pé nígbà tí tòsì bá wà lókè ni ọ̀tún ń ṣiṣẹ́ jù. Ẹ tún máa dìde látorí àga gíga láìfọwọ́ tì í. Ibẹ̀ ni ara ti ń rẹ́ni jẹ, ẹsẹ̀ tó dáa ni yóò fi dìde, nítorí náà ẹ ti ẹsẹ̀ òsì síwájú díẹ̀ kí ọ̀tún má rí ibi sá sí. Nígbà tó bá yá, ẹ máa fi ẹsẹ̀ ọ̀tún gun ibi tó ga tó sẹ̀ńtímítà 10 ní ẹnu ọ̀nà, ẹ gòkè, ẹ sọ̀kalẹ̀. Ti àtẹ̀gùn tòótọ́ yàtọ̀: ẹsẹ̀ tó dáa ló ń kọ́kọ́ gòkè, èyí tí wọ́n là ló ń kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀. Nígbà 8 sí 12 lẹ́ẹ̀kan, ẹ sinmi, ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì sí i. Èyí tó le, ọjọ́ mẹ́ta péré lọ́sẹ̀, torí ọjọ́ ìsinmi ni ẹran ń dàgbà. Ti ìfúnpọ̀ àti ti dígí, lójoojúmọ́. Ẹ jẹ ẹ̀wà, ẹja, ẹyin, wàrà àwọn Fúlàní. Ẹ̀bà àti ọbẹ̀ lásán ò lè kọ́ ẹran.

Nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, kí àga ga tó kí ìdí lè wà lókè ju orúnkún lọ. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀, ẹsẹ̀ òsì ni kí ẹ kọ́kọ́ máa fi tẹ̀ ẹ́. Bí abẹ́rẹ́ bá já bọ́, ẹ má tẹ̀ lọ mú un: ẹ so òòfà mọ́ orí igi. Ẹ dìde ní ìdajì wákàtí kọ̀ọ̀kan.

Ẹ béèrè pé sùúrù mélòó ló kù. Ìdáhùn mi ni ọ̀sẹ̀ 12 iṣẹ́ gidi, láti ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe láti ọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin àkọ́kọ́, ẹ óò rí i pé ẹ dúró dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀, ẹran ò sì tíì nípọn. Ọpọlọ ló ti rántí ọ̀nà ibẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 lọ ni ẹran fúnra rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sí í kún. Kí agbára rẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá tòsì dọ́gba lè tó ọdún kan, nígbà míì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má fi bí ó ṣe ń ṣe yín wọ̀n ọ́n, torí ọjọ́ tí òjò ṣú tàbí tí oníbàárà bú yín, gbogbo nǹkan ló máa burú. Ẹ ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ nínú ìwé tí ẹ ń kọ ìwọ̀n àwọn ènìyàn sí. Lọ́jọ́ Àìkú kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ iye ìṣẹ́jú-àáyá lórí ẹsẹ̀ ọ̀tún, iye ìgbà tí ẹ lè dìde lórí àga láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 30, àti iye ìṣẹ́jú tí ẹ fi rìn láti ṣọ́ọ̀bù dé Àkábà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú yín. Lọ́jọ́ tí ẹ bá lè dúró lórí ẹsẹ̀ ọ̀tún fún ìṣẹ́jú-àáyá 30 tí tépù ò dagun, tí ẹ sì rìn wá síwájú dígí tí àyà ò fì, ẹ gbé ọ̀pá sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ìrora? Bí ẹ bá fún un ní máàkì láti 0 dé 10, 3 tàbí 4 nígbà eré ìdárayá ò burú, bó bá ti lọ kílẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Bí ẹ bá jí tí ẹ ń tiro ju àná lọ, ẹ ti ṣe jù; ẹ dín in kù sí ìdajì, ẹ má dá a dúró.

Ẹ̀jẹ̀ yín ní òfin tirẹ̀. Ẹ mu omi kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tí ẹ bá ṣe tán, ẹ má ṣe é dé ibi tí èémí ti ń já. Nígbà ọyẹ́, ẹ jẹ́ kí oòrùn yọ ná, kí ẹ sì wọ aṣọ tó nípọn. Lọ́jọ́ tí àìsàn náà bá dé sí yín lára, ìsinmi ni. Ohun kan tí ẹ ò béèrè: nínú àwọn tó ní irú ẹ̀jẹ̀ yìí, ìdí kejì náà sábà máa ń bàjẹ́. Bí ẹ bá ń ní ìrora ní abẹ́nú itan òsì, ní ìlà tí itan ti pàdé ikùn, ẹ tètè lọ ya fọ́tò egungun.

Ní ti bàbá tó fẹ́ fa ẹsẹ̀, mo bẹ̀ yín, kó má fọwọ́ kàn án. N kò bá a jà. Ó lè mọ egungun tó ṣẹ́ tò, ṣùgbọ́n irin yìí ò sí láyé nígbà tí àwọn tó kọ́ bàbá rẹ̀ níṣẹ́ ń kọ́ ọ. Ọdún 1962 ni John Charnley ní England bẹ̀rẹ̀ èyí tí gbogbo wa ń tẹ̀ lé títí di òní, orí irin nínú ihò pílásítíìkì. Ẹni tó bá fà á tó sì yí i lè yọ orí náà kúrò nínú ihò. Bí ìyá ọkọ yín bá fẹ́ ṣe ìrànlọ́wọ́, ojú àpá ti jinná, ẹ fún un ní òrí kó máa fi pa á jẹ́jẹ́. Ó máa ń mú kí awọ rọ̀, ó sì ń fún ìyá ní nǹkan ṣe.

Mo mọ̀ pé kíkí i wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí oníṣẹ́ abẹ bá ti gbà pé ẹ lè kúnlẹ̀, ẹ di àga mú, orúnkún ọ̀tún ni kó kọ́kọ́ kan ilẹ̀, kí àyà dúró gbọọrọ, ẹ má tẹrí ba. Bí ẹ bá fẹ́ dìde, àtẹ́lẹsẹ̀ òsì ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé síwájú. Títí dìgbà náà, ẹ fi ẹnu kí i, kí ẹ sì tẹ orúnkún òsì díẹ̀. Ìyá tó bímọ kò ní sọ pé kí ẹ tún lọ sórí tábìlì iṣẹ́ abẹ nítorí ìkúnlẹ̀.

Àwọn nǹkan tí ẹ kò gbọ́dọ̀ fi sùúrù sí: ibà, tàbí ojú àpá tó pọ́n tàbí tó ń yọ omi; ẹran ẹsẹ̀ tó wú, tó ń ro yín lẹ́yìn ẹsẹ̀, pàápàá bí èémí bá tún ń há; ìrora òjijì tí ẹsẹ̀ fi kúrú tó sì yí. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ dé ilé ìwòsàn. Bí ọ̀sẹ̀ 12 bá sì pé, tí ojú ewé yín kún fún iṣẹ́ tí nọ́ńbà ò yí padà rárá, ẹ padà sọ́dọ̀ oníṣẹ́ abẹ. Ó lè jẹ́ pé ibi tí wọ́n rán ti tú, tàbí pé okùn tó ń gbé àṣẹ ọpọlọ wá sí iṣan náà fara pa. Eré ìdárayá nìkan ò lè tún ìyẹn ṣe.

Ọ̀nà Pọ́bẹ̀ àti Ṣàkẹ́tẹ́ lẹ óò gbà bí ẹ bá fẹ́ wá rí mi ní Àjàṣẹ́. Inú mọ́tò ni kí ẹ wọ̀, ẹ má gun zẹ́míjàn (ọ̀kadà). Kí ẹ jókòó síwájú, kí awakọ̀ dúró ní Pọ́bẹ̀ kí ẹ lè nà díẹ̀. Ẹ mú ìwé iṣẹ́ abẹ náà àti ojú ewé ìwọ̀n yín dání. Àti ọ̀pá, lọ́wọ́ òsì.